Kọ́kọ́rọ́ iléeṣẹ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi sínú kọ̀ǹpútà ilé

Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ l'Ékòó àti n'Íbàdàn ni wọ́n máa ń ti ilẹ̀kùn wọn gbọn-in, tí ọdẹ yóò sì jókòó sẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà tí ọ̀pọ̀ wọn kì í rántí tì. Ìyẹn ni ọ̀nà tí òṣìṣẹ́ tó ń tọ́jú sáfà wọn ń gbà wọ inú rẹ̀ láti ilé. Inú sáfà yìí ni orúkọ àwọn oníbàárà, àkọsílẹ̀ owó àti ìwé gbèsè wà. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí òṣìṣẹ́ náà fi ń ṣe iṣẹ́ yìí làwọn ọmọ rẹ̀ fi ń ṣeré, òun náà ni wọ́n fi ń wo fíìmù nílé. Ewu ńlá ni.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àsọdùn. Ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2021, iléeṣẹ́ Colonial Pipeline tó ń fi páìpù gbé epo l'Amẹ́ríkà ní láti dá iṣẹ́ dúró fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Pásíwọ́ọ̀dù kan ṣoṣo làwọn ọ̀daràn fi wọlé, lórí àkáǹtì àtijọ́ tí kò ní àyẹ̀wò kejì. Nǹkan bíi mílíọ̀nù mẹ́rin ààbọ̀ dọ́là ni iléeṣẹ́ náà san fún wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba gba díẹ̀ padà nínú rẹ̀. Ní ọdún 2022, kọ̀ǹpútà ilé òṣìṣẹ́ kan ni wọ́n gbà wọ LastPass, iléeṣẹ́ tó ń bá èèyàn tọ́jú pásíwọ́ọ̀dù.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tó yẹ káwọn oníléeṣẹ́ wa gbé yẹ̀ wò, ìyẹn kọ̀ǹpútà ayálò orí íntánẹ́ẹ̀tì. Amazon àti Microsoft wà lára àwọn tó ń fi í yáni. Ọ̀dọ̀ wọn ni kọ̀ǹpútà náà wà. Àwòrán ojú rẹ̀ nìkan ni òṣìṣẹ́ ń rí lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Wọn yóò wá ṣètò sáfà kó má ṣe dá ẹnikẹ́ni lóhùn àfi kọ̀ǹpútà ayálò yìí. Bí wọ́n bá jí alágbèéká òṣìṣẹ́ gbé lójú ọ̀nà, fáìlì iléeṣẹ́ kò sí nínú rẹ̀. Bí òṣìṣẹ́ bá sì fiṣẹ́ sílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọn yóò ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ọn.

Àwọn kan yóò ní dọ́là ni wọ́n fi ń ṣírò owó rẹ̀, àti pé láti oṣù Kẹfà, ọdún 2023 ni náírà ti já wálẹ̀ gan-an. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ló nílò rẹ̀, bí kò ṣe ẹni kan tàbí méjì tí kọ́kọ́rọ́ sáfà wà lọ́wọ́ wọn. Ti nẹ́tíwọ́ọ̀kì náà tún wà ńbẹ̀. Nígbà tí àwọn wáyà abẹ́ òkun bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní ọjọ́ 14, oṣù Kẹta, ọdún 2024, iṣẹ́ àwọn báǹkì kan ní Nàìjíríà dẹnu kọlẹ̀. Nítorí náà, iléeṣẹ́ gbọ́dọ̀ ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì méjì, àti ọ̀nà mìíràn tí wọn yóò fi dé ìdí sáfà lọ́jọ́ ìṣòro.

Kọ̀ǹpútà ayálò kì í ṣe ońdè o. Nínú ọ̀rọ̀ LastPass, ohun tó ń ka gbogbo lẹ́tà téèyàn bá tẹ̀ làwọn olè dẹ sínú kọ̀ǹpútà ilé náà, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ ọ̀hún ń lo àyẹ̀wò kejì. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí iléeṣẹ́ ra alágbèéká tí wọn kò ní fi ṣe ohun mìíràn ju iṣẹ́ lọ.

Òfin náà ti dé. Òfin ìdáàbòbò dátà ọdún 2023 ní kí iléeṣẹ́ tí wọ́n bá jí ìsọfúnni oníbàárà rẹ̀, tí èyí sì lè kó wọn sínú ewu, fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí láàárín wákàtí 72. Ẹni tí kò mọ iye èèyàn tó ní kọ́kọ́rọ́ sáfà rẹ̀, báwo ni yóò ṣe mọ̀ pé olè ti wọlé? Kí ọ̀gá iléeṣẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ béèrè ìyẹn lọ́sẹ̀ yìí. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní ráyè wọ ibẹ̀.