Ta Ni Yóò Mú Kọ́kọ́rọ́ Lungi Lọ́wọ́?

Iṣẹ́ yíyá àwọn èèyàn ní àga àti kánópì ni mò ń ṣe ní Ìṣẹ̀rí-Olófin. Nígbà kan tí ìnáwó pọ̀ fún mi ní Abẹ́òkúta, tí owó ọkọ̀ sì ń jẹ èrè mi, mo kó igba àga àti kánópì mẹ́rin lọ sí àgbàlá ọ̀rẹ́ mi kan níbẹ̀. Bí òde bá yọ, èmi àti ọmọ iṣẹ́ méjì a kàn wọ ọkọ̀ lọ ni, ẹrù ti ṣáájú wa débẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni mo fi jẹ̀gbádùn. Àárọ̀ ọjọ́ òkú kan la tú kánópì, eku ti lu ú bí asẹ́. Irin dípẹtà, òòlù la fi lu wọ́n kí wọ́n tó wọnú ara wọn. Ta ni n bá bá jà? N kò fi ẹnì kankan tì í.

Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ Lungi fi ká mi lára. Ibẹ̀, lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú Sierra Leone, ni ECOWAS mú láti kó ẹrù ogun pamọ́ sí, kí àwọn sójà wa lè tètè débi tí wàhálà bá ti ṣẹlẹ̀. Mo fara mọ́ ọn. Ní ìparí ọdún 2012, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní kí ọmọ ogun Áfíríkà lọ gba Mali sílẹ̀. Wọ́n ní ó di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2013 ká tó lè gbéra. Ọjọ́ 11, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013 yẹn gan-an, ni Faransé wọlé, nítorí ọkọ̀ òfurufú àti sójà wọn ti wà ní N'Djamena àti Abidjan tẹ́lẹ̀. Paris ló jìnnà sí Mali jù wá lọ o!

Ṣùgbọ́n ọdún 2018 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti ṣí irú ibùdó bẹ́ẹ̀ fún gbogbo Áfíríkà ní Douala, ní Cameroon, tí ẹrù tí China ta wá lọ́rẹ wà níbẹ̀. Ọkọ̀ tí a kò tanná sí, bátìrì rẹ̀ á kú. Táyà tó dúró lójú kan á sán. Ta ló ń tanná sí ti Douala, ta ni yóò sì máa tanná sí ti Lungi? Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn aṣòfin wa béèrè kí wọ́n tó béèrè iye tí wọ́n fi kọ́lé.

Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́? Amẹ́ríkà kọ́ ibùdó ńlá sí Agadez, ní Niger. Lọ́dún 2024 onílé ní kí wọ́n jáde, wọ́n sì jáde. Ká ní Niamey la kó tiwa sí, ẹ wo ibi tí à bá wà lónìí tí Niger ti kúrò nínú ECOWAS.

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ̀, àgọ́ àti táńkì omi ni kí wọ́n kó sí Lungi. Bọ́ǹbù kò gbọdọ̀ sún mọ́ ilé èèyàn. Ìrọ̀lẹ́ Sunday, ọjọ́ 27, oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2002, tí ohun ìjà bú gbàmù ní bárékè Ìkẹjà, fèrèsé wa ní Ìṣẹ̀rí níbí ń gbọ̀n. Àwọn tó ń sá kiri lóru ló kó sínú kánáà Òkè-Àfà. Àwọn tó kú lé ní ẹgbẹ̀rún.

Èmi ti gba ọmọkùnrin kan sí Abẹ́òkúta. Kọ́kọ́rọ́ kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi. Gbogbo Sátidé ló ń pè mí: "Ẹ káàárọ̀ mà, mo ti sá kánópì. Àga mẹ́ta ni ẹsẹ̀ wọn ń mì."