Láti Ilé ni Ìdààmú Pápá Ọkọ̀ Òfurufú ti Ń Bẹ̀rẹ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ohun tí ènìyàn bá kó jáde láti ilé ni òde yóò bá lọ́wọ́ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ṣọ́, ìbáà ṣe ẹ̀sín. Òwe yìí ni mo máa ń rántí nígbàkúùgbà tí mo bá gbọ́ ìráhùn àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń lọ kàwé ní òkè òkun. Ọ̀kan yóò ní wọ́n dá òun padà ní pápá ọkọ̀ òfurufú. Òmíràn yóò ní wọ́n tú ẹrù òun palẹ̀ lójú gbogbo èrò. Òmíràn yóò ní bí kì í bá ṣe owó tí bàbá òun fi bọ òṣìṣẹ́ kan lọ́wọ́, ọkọ̀ ìbá gbéra kí ó fi òun sílẹ̀. Ibi kan náà ni gbogbo wọn sì ń parí ẹjọ́ wọn sí: "Nàìjíríà ni kò dára."

N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ni èrò lára wà, n ó sì dé orí wọn láìpẹ́. Ṣùgbọ́n èrò tèmi ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìdààmú yìí, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni wọ́n dì í mọ́ ẹrù láti ilé. Ẹni tí ìwé rẹ̀ bá pé, tí ẹrù rẹ̀ sì wà ní ìwọ̀n, kò sí ibi tí ẹni tí ń wá rìbá yóò ti rí i dì mú.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni èyí. Ní ayé ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi bí Aureol, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1951, ń kó akẹ́kọ̀ọ́ láti Àpápá lọ sí Liverpool, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n ń lò lójú agbami. Lónìí, nǹkan bí wákàtí mẹ́fà àti ààbọ̀ ni láti Ìkẹjà dé London. Ìrìn ti yá, ṣùgbọ́n ààyè fún àṣìṣe ti dín kù. Bí ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ kọ́ ní Ìlú Ọba bá ju oṣù mẹ́fà lọ, òfin kò gbà á láàyè láti wọlé ju oṣù kan lọ ṣáájú ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ náà yóò bẹ̀rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ní ọjọ́ tí ó ń ti ìlẹ̀kùn ìforúkọsílẹ̀. Àárín ọjọ́ méjèèjì yìí ni gbogbo ìrìn àjò rẹ̀ há sí. Ẹni tí ọkọ̀ bá fi sílẹ̀ ní ìparí àkókò yìí lè pàdánù owó ọkọ̀, kí ó pàdánù àyè rẹ̀, kí ó sì fi odidi ọdún kan jókòó sílé. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni wọ́n tà, tàbí owó àjọ ìyá rẹ̀ ni wọ́n kó, láti fi san owó ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Lọ́nà kìn-ín-ní, jẹ́ kí a wo ọ̀rọ̀ ìwé. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ó lè ka odidi ìwé ìtàn ní ọjọ́ mẹ́ta ni kò ka lẹ́tà ìgbaniwọlé tirẹ̀ parí. Orúkọ inú tíkẹ́ẹ̀tì rẹ gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé ìrìnnà rẹ mu. Bí ọ̀kan bá pè ọ́ ní Adébáyọ̀ tí èkejì pè ọ́ ní Báyọ̀, wàhálà ti dé. Láti oṣù keje ọdún 2025, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ tí ń lọ sí Ìlú Ọba kì í rí físà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìwé ìrìnnà mọ́. Inú ẹ̀rọ ni ó wà. Ẹni tí kò bá tètè ṣí àyè tirẹ̀ sórí ẹ̀rọ láti ilé, orí ìlà ni yóò ti máa wá a kiri, tí èrò ẹ̀yìn yóò sì máa kùn sí i.

Bẹ́ẹ̀ náà ni káàdì àjẹsára ibà pọ́njúpọ́njú tí gbogbo ènìyàn ń pè ní yẹ́lò káàdì. Láti ọdún 2016, abẹ́rẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó fún gbogbo ọjọ́ ayé ẹni. Ṣùgbọ́n káàdì náà kò ní agbára títí di ọjọ́ kẹwàá lẹ́yìn tí a gba abẹ́rẹ́. Mo mọ ọmọkùnrin kan tí ó gba tirẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì, tí ọkọ̀ rẹ̀ yóò sì gbéra ní ọjọ́ Àìkú. Bí òṣìṣẹ́ kan ti wo ọjọ́ tí ó wà lórí káàdì náà, ó mọ̀ pé owó ti dé. Wọ́n san án. Òṣìṣẹ́ náà jẹ̀bi, n kò ní gbè é. Ṣùgbọ́n ta ni ó fa okùn lé e lọ́wọ́?

Lọ́nà kejì, ẹrù. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kì í gbà ju kílò 23 lọ nínú àpótí kan lọ́wọ́ ẹni tí ó san owó ìjókòó pọ́ọ́kú. Síbẹ̀, gbogbo ẹbí ni yóò kó gàrí, èlùbọ́, ẹ̀gúsí àti ata gígún wá, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ń lọ ṣí ìsọ̀. Nígbà tí òṣùwọ̀n bá wá kọ̀, ìyá yóò kúnlẹ̀ sílẹ̀, yóò máa kó èlùbọ́ jáde láàárín aṣọ lójú gbogbo ayé. Òfin Ìlú Ọba sì kọ ẹran àti wàrà tí ó ti Nàìjíríà wá, ìbáà jẹ́ ẹran yíyan, ìbáà jẹ́ gbígbẹ. Wọn yóò gbà á dànù ni. Òṣùwọ̀n kékeré tí a fi ń wọn ẹrù kò wọ́n lọ́jà. Wọn ẹrù rẹ nílé, kí ojú má baà tì ọ́ níta.

Èyí tí ó burú jù lọ ni ẹrù onírù. Bí ìyàwó ọ̀rẹ́ bàbá rẹ bá gbé nǹkan tí a dì pinpin wá pé kí o bá òun fún ọmọ òun, kọ̀ ọ́ tìfẹ́tìfẹ́, àyàfi bí o bá tú u wò. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2018, wọ́n mú ọ̀dọ́mọbìnrin akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó ti Kano lọ sí Saudi Arabia fún iṣẹ́ ìsìn, nítorí oògùn olóró tí wọ́n bá nínú àpò tí orúkọ rẹ̀ wà lára rẹ̀. Kò mọ nǹkan kan nípa àpò náà. Àwọn ọ̀daràn ni wọ́n so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn. Ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́rin kí wọ́n tó dá a sílẹ̀ ní ọdún 2019. Bí èyí bá lè bá ẹni tí kò gba ẹrù ẹnikẹ́ni, kí ni kò lè bá ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbà á? Nítorí náà, máa ka iye ìwé pélébé tí wọ́n bá so mọ́ ẹrù rẹ, kí o sì tọ́jú èyí tí wọ́n bá fún ọ.

Wàyí o, ẹnìkan lè bi mí pé: "Olùkọ́, bí ìwé pé, bí kò pé, ṣé wọn kì í tọrọ?" Wọ́n ń tọrọ. Ṣùgbọ́n ìtọrọ yàtọ̀ sí ìdínà. Ẹni tí ń tọrọ kò ní agbára lórí rẹ. Ẹni tí ó mú ẹ̀bi rẹ lọ́wọ́ ni ó ní in. Fi ọ̀wọ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹ má bínú sà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni mí," kí o sì máa bá tìrẹ lọ. Bí ó bá ní owó kan wà láti san, béèrè rìsíìtì. Owó ìjọba ní rìsíìtì. Rìbá kò ní. Bí owó ọwọ́ rẹ bá sì ju dọ́là 10,000 lọ, kéde rẹ̀ fún àwọn aṣọ́bodè, nítorí òfin ni. Owó tí a fi pamọ́ sínú ìbọ̀sẹ̀ ni ó ń sọ olówó di ẹrú.

Ẹlòmíràn lè ní pé kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ń mú ọkọ̀ pẹ́, kì í sì í ṣe òun ni ó ń fọ́ àpótí. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ṣùgbọ́n níbí pẹ̀lú, ìmọ̀ ni àpáta ààbò. Àdéhùn Montreal ti ọdún 1999, tí Nàìjíríà fi ọwọ́ sí, fún ọ ní ọjọ́ 7 láti fi ìwé fi ẹjọ́ sùn bí ẹrù rẹ bá bàjẹ́. Bí ó bá pẹ́ kí ó tó dé, ọjọ́ 21 ni, láti ọjọ́ tí ó tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹni tí kò mọ èyí yóò kàn bú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ títí ọjọ́ yóò fi kọjá.

Ohun tí ó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ẹ̀kọ́ ìkẹyìn tí ọ̀pọ̀ òbí ń kọ́ ọmọ wọn kí ó tó kúrò nílé ni pé owó ni a fi ń ra ọ̀nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà ni òbí. Àgbà ni òṣìṣẹ́ tí ó wọ aṣọ ìjọba. Ó yẹ kí ìjọba fi ìyà tí ó tọ́ jẹ òṣìṣẹ́ tí ó bá gba rìbá, kí wọ́n sì lẹ àwọn òfin ìrìnnà mọ́ ògiri pápá ọkọ̀ òfurufú ní Yorùbá, Haúsá àti Ígbò, kí ìyá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè mọ ohun tí ó kàn.

Ní àkótán, mo gbà pé àtúnṣe ń bẹ láti ṣe ní pápá ọkọ̀ òfurufú wa, ṣùgbọ́n n kò gbà pé kí o dúró de àtúnṣe náà kí o tó tún tìrẹ ṣe. Ka ìwé rẹ, wọn ẹrù rẹ, kọ ẹrù onírù, tètè kúrò nílé. Nígbà tí o bá dé iwájú aṣọ́bodè, tí ó yẹ̀ ọ́ wò lókè nílẹ̀ tí kò rí àléébù kankan, òun fúnra rẹ̀ ni yóò sọ pé, "Ó dàbọ̀ o, ọmọ mi. Kàwé dáadáa."