Ìwọ̀n Pé, Ṣùgbọ́n Kò Rìbìtì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ yìí bá wa wí.

Ìyá kan tó ń lọ ata ní Kofar Kware ní kí n bá òun tún ẹ̀rọ òun ṣe. Mo ya àwòrán ilé tuntun fún bíárìn 6205. Mo jẹ́ kí ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí owó irin má baà pọ̀. Mo kọ ìdábùú ihò rẹ̀, mílímítà 52, àti iye tó lè fi dín tàbí fi lé. Màlámù tó ni léètì gbẹ́ ẹ. A wọn ihò náà lọ́nà mẹ́rin, iye kan náà ló ń jáde. Síbẹ̀, kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí bíárìn fi gbóná, tó ń ké, tó sì bàjẹ́. Ìyá pàdánù ọjà ọjọ́ méjì. Mo fẹ́ bínú sí Màlámù, ó ní, "Ohun tí o kọ ni mo ṣe." Òótọ́ ló sọ.

Ẹnu mẹ́ta ni léètì náà fi di irin mú. Bí ó bá fún irin fẹ́lẹ́ mọ́lẹ̀ jù, irin náà yóò tẹ̀. Ihò rẹ̀ yóò rìbìtì nígbà tó wà lẹ́nu ẹ̀rọ. Bí a bá tú u sílẹ̀, irin yóò padà sípò, ihò yóò sì yọ ìkòkó mẹ́ta. Kálípà kò lè fi èyí hàn. Ẹ wo owó 50p ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1969: ẹ̀gbẹ́ méje ló ní, síbẹ̀ ibi yòówù tí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n, ìdábùú rẹ̀ kò yàtọ̀. Ohun ìwọ̀n ẹlẹ́nu mẹ́ta ni ìbá tú àṣírí ihò wa.

Àmì wà fún un nínú ìlànà ISO 1101. Òbìrìkìtì kékeré pẹ̀lú 0.01 túmọ̀ sí pé, níbikíbi tí a bá ti gé ihò náà ní ìbú, etí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàárín òbìrìkìtì méjì tí àárín wọn jẹ́ ọ̀kan, tí àlàfo wọn kò ju mílímítà 0.01 lọ. Bí ó bá jẹ́ pé jíjìn nínú yíyí là ń bẹ̀rù, ọfà kan ni àmì tirẹ̀.

Àwọn kan yóò ní Màlámù kò mọ ISO. Èmi kò gba èyí. Nígbà tí mo fi ẹnu ṣàlàyé fún un, ó rọra dì í mú nígbà ìfágbẹ̀yìn, bíárìn kejì kò sì ké mọ́. Àwa tí a mọ àmì náà ni a kò kọ ọ́.

Ṣùgbọ́n kí a má wá kọ 0.01 sí gbogbo ibi o. Ìyá aláta ni yóò san owó rẹ̀. Ibi tó bá yẹ ni kí a kọ ọ́ sí, kí a tó dá alágbẹ̀dẹ lẹ́bi.