Ṣé Àwa Náà Wà Nínú Ìṣọ̀kan Yẹn?

Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ wá lọ́kàn, Òjé la sì ti gbé e bọ̀.

Méjì nínú wa ń gbé ní Òjé, nínú yàrá kan tó kọjú sí títì. Ní ọjọ́ tí ọ̀la rẹ̀ jẹ́ ọjọ́ ọjà aṣọ, àwọn ìjọ mélòó kan ní àdúgbò náà kóra jọ sẹ́bàá títì. Wọ́n ta àtíbàbà, wọ́n to àga onírọ́bà, wọ́n gbé sípíkà méjì sórí tábìlì, wọ́n sì kọjú wọn síta. Àdúrà fún ìṣọ̀kan Nàìjíríà ni wọ́n pè é. Àwa náà lọ. Kì í ṣe pé a lọ wòran o. Onígbàgbọ́ ló pọ̀ jù nínú wa, a sì ṣe àmín débi pé ohùn há.

Nígbà tí a padà délé, ìyá onílé wa wà níjòókòó lẹ́nu ọ̀nà, tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ́wọ́. Màmá yìí ti ń ta aṣọ òfì kí wọ́n tó bí wa. A kí i, ó dáhùn, ó ṣàdúrà fún wa bó ṣe máa ń ṣe. Ó wá ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ìṣọ̀kan tí ẹ ti ń bẹ Ọlọ́run fún láti àárọ̀ yìí, ṣé àwa náà wà nínú rẹ̀?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Àmọ́ kò sí ẹni tó rí èsì fọ̀ nínú wa, torí pé ohun tí màmá gbọ́ ni àwa náà gbọ́. Láàárín wákàtí mẹ́ta, a gbàdúrà kí Nàìjíríà wà ní ọ̀kan, a sì tún pàṣẹ kí iná sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn ọ̀tá ìgbàgbọ́, iye ìgbà tí a pa á láṣẹ kò ṣeé kà. Ẹni tó ń darí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n kí ni à ń pe ẹ̀sìn Kírísítì nínú èdè wa? Ìgbàgbọ́ náà ni. Ta wá ni ọ̀tá ìgbàgbọ́ lójú ìyá àgbà kan tó ń ka tẹ̀sùbáà ní ìwọ̀n ogún ìṣísẹ̀ sí sípíkà? Ẹ̀yin tí ẹ bá wà nípò rẹ̀, ta lẹ máa rò pé wọ́n ń bá wí?

Ẹ má ṣì wá gbọ́. A ò sọ pé kí onígbàgbọ́ má gbàdúrà níta. Ìgbà kan ń bẹ tí ọ̀rọ̀ kọjá kí èèyàn kúnlẹ̀ ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ní oṣù kìíní ọdún 2020, Boko Haram jí Pásítọ̀ Lawan Andimi gbé, ẹni tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ CAN ní ìjọba ìbílẹ̀ Michika, ní ìpínlẹ̀ Adamawa. Wọ́n gbé fídíò rẹ̀ jáde. Pásítọ̀ náà fara balẹ̀ nínú rẹ̀, ó ní bí Ọlọ́run bá fẹ́, òun yóò tún fojú kan aya òun àti àwọn ọmọ òun. Bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ìfẹ́ Ọlọ́run náà ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi pa á. CAN kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, nígbà tó sì di ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 2 oṣù kejì, àwọn onígbàgbọ́ tú síta káàkiri ìlú ńlá ńlá. Ní Èkó, Bàbá Adébóyè ti ìjọ Ìràpadà fẹsẹ̀ rìn pẹ̀lú ọ̀pọ̀ èrò láti Ẹ̀bútè Mẹ́ta, páálí kan lọ́wọ́ wọn. Ohun tí wọ́n kọ sí páálí náà ni pé gbogbo ọkàn ló ṣe iyebíye lójú Ọlọ́run.

Gbogbo ọkàn. Kò bú ẹnikẹ́ni, kò sì fi ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé Mùsùlùmí tí Boko Haram pa pọ̀ lọ jàra ní Borno yóò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ti tóbi tó. Irú àdúrà ìta tí à ń fẹ́ nìyẹn: kí á dárúkọ òkú wa, kí á sunkún wọn lójú gbogbo ayé, kí á sì sọ fún ìjọba pé iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dáàbò bo ará ìlú.

Ìbàdàn náà kì í sì í ṣe ìlú tí irú nǹkan báyìí ṣàjèjì sí. Ọdún Òkè'Bàdàn jẹ́ àdúrà gbogbo ìlú. Yídì Àgodi ń kún lọ́dọọdún. Láti ìgbà tí David Hinderer ti dé sí Kúdẹtì ní ọdún 1853 ni orin onígbàgbọ́ ti ń dún nínú ìlú yìí. Ẹ sì wo Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tó kọ Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí a fi ń ṣèwádìí títí dòní. Aládùúrà pátápátá ni, ààrẹ ìjọ CAC, ìjọ tó ń fi àdúrà àti omi ìyè wo aláìsàn. Ní ọdún 1955, ó di Olúbàdàn, ó sì wà lórí oyè títí tó fi wàjà ní 1964. Kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ pamọ́ sábẹ́ adé, síbẹ̀ Mùsùlùmí àti oníṣẹ̀ṣe tó wà ní ìlú kò ṣàì jẹ́ ọmọ rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ìṣọ̀kan gan-an, ó ní ìtàn mìíràn nínú ìlú wa. Láti Òjé sí Àgodi kò jìnnà. Ilé ìjọba tó wà níbẹ̀ ni àwọn sójà ti mú Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn, ní ọjọ́ 29 oṣù keje 1966, tí wọ́n sì lọ pa wọ́n. Àwọn lọ́balọ́ba ni Ironsi wá bá ṣèpàdé n'Íbàdàn. Oṣù méjì ṣáájú ni ó ti gbé òfin kẹrìnlélọ́gbọ̀n jáde, òfin tó pa ìjọba ẹlẹ́kùnjẹkùn rẹ́, tó sì sọ Nàìjíríà di ọ̀kan lórí ìwé. Ogun abẹ́lé tó tó ọgbọ̀n oṣù ló gbẹ̀yìn gbogbo rẹ̀. Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà ogun yẹn ló dá Nigeria Prays sílẹ̀ ní 1996, tó sì ń lọ láti ìpínlẹ̀ kan sí èkejì pé kí á gbàdúrà. Àwọn kan máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àwa ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀; ó lè jẹ́ pé ẹni tójú rẹ̀ ti rí ogun ló mọ ìdí tó fi yẹ kéèyàn kúnlẹ̀.

Ẹ dákun, èdè Yorùbá là ń kọ́, a ò lè ṣe ká má tú ọ̀rọ̀ wò. Ìṣọ̀kan: ṣe ọ̀kan. Ìrẹ́pọ̀: rẹ́ pọ̀. Ejò tó gbé ọ̀pọ̀lọ́ mì ti bá ọ̀pọ̀lọ́ ṣọ̀kan. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ṣoṣo ò lè bá ara rẹ̀ rẹ́, ó di dandan kó pé méjì, kí èkejì sì wà láàyè. (Olùkọ́ wa yóò ní àwọn ọ̀rọ̀ méjèèjì ti wọnú ara wọn tipẹ́ lẹ́nu àwọn èèyàn. Òótọ́ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká fi ṣàwàdà díẹ̀.) Ohun tí Ironsi kọ sórí ìwé, ìṣọ̀kan ni. Ìrẹ́pọ̀ ni kò sí.

Ọjà Òjé ló ní ìyẹn, ọjọ́ kejì àdúrà la sì rí i. Ọjà ìtàdógún ni, ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tí àwọn ahunṣọ ti ń ti Ìṣẹ́yìn àti Ìlọrin kó ẹrù dé. Àtíbàbà àná ṣì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà já ẹrù. Àwọn màmá ọlọ́jà ránṣẹ́ sí ìjọ, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ sì jáde láìfọjú, wọ́n tú u, wọ́n tún bá àwọn ìyá gbé ẹrù wọlé. Ìyá onílé wa gba aṣọ àwìn lọ́wọ́ ahunṣọ kan lójú wa. Kò sí ìwé, kò sí ẹlẹ́rìí. "Ó di ọjà mìíràn," ni ọkùnrin náà wí, ó sì fi orúkọ Jésù súre fún un. Màmá ṣe àmín. Ó yẹ ká sọ ọ́ pé fìlà aṣọ òfì ló wà lórí ẹni tó darí àdúrà lánàá, a ò sì mọ ibòmíràn tí wọ́n ti ń ra irú rẹ̀ ládùúgbò yìí.

Ọ̀kan nínú wa kò fara mọ́ wa o, ó sì ní ká kọ tòun sí i. Ó ní Ọlọ́run là ń bá sọ̀rọ̀, bí èèyàn bá ti ń ro ohun tí aládùúgbò yóò gbọ́, àdúrà ti di ìṣèlú. A rò ó títí. Èsì wa ni pé ẹni tó bá kọjú sípíkà síta ń bá àwọn ará ìta sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Bí Ọlọ́run nìkan bá ni, kí wọ́n pa á. Etí Rẹ̀ kò di.

Kò sẹ́ni tó ń bẹ àwọn ìjọ pé kí wọ́n bá Mùsùlùmí kírun. Kí wọ́n kàn yọ iná àti ikú kúrò nínú àdúrà ìrẹ́pọ̀. Kí wọ́n dárúkọ àwọn tó kú, ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti mọ́sáláṣí. Kí wọ́n sì bèèrè ọjọ́ ọjà kí wọ́n tó ta àtíbàbà.

Lálẹ́ ọjọ́ ọjà náà, a lọ bá ìyá onílé. A ní, "Ìyá, ẹ wà nínú rẹ̀ o."

Ó ń ka owó lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n dárúkọ wa nígbà mìíràn."

A ti jíṣẹ́ fún akọ̀wé ìjọ kan. Ó ní òun ti kọ ọ́ sílẹ̀.