Ẹ jẹ́ kó máa lọ, ṣùgbọ́n ẹ san owó rẹ̀ pé

Àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán láwọn ilé ìwòran bọ́ọ̀lù l'Apẹtẹ, n'Ìbàdàn, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ Poly àtàwọn ọlọ́kadà ti máa ń jókòó pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni ti agbábọ́ọ̀lù tó ti ṣe bẹbẹ nígbà kan, ṣùgbọ́n tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Àwọn kan á ní kí ẹgbẹ́ jẹ́ kó máa lọ. Àwọn mìíràn á ní ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹni tó gbé ife wálé? Ariwo á pọ̀, bọ́ọ̀lù á tán, wọ́n á sì túká láì yanjú ẹ̀.

Ìdí tí wọn kì í fi í yanjú ẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń pè é, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ owó ni. Ìbéèrè kan náà ló wà níwájú ẹni tó ní ẹ̀rọ ìlọta tí owó àtúnṣe rẹ̀ ti ju owó tó ń pa wọlé lọ. Ṣé kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i ni, àbí kó gbé e kúrò ńlẹ̀ kó wá òmíràn?

Ohun tó ṣẹlẹ̀ l'Amẹ́ríkà lọ́dún 2023 lè là wá lójú. Nínú eré baseball táwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn, ẹnì kan ló máa ń ju bọ́ọ̀lù, alátakò á sì fi igi gbá a. Ọwọ́ ẹni tó ń jù ú yìí ni eré wà, torí bí kò bá ti jù ú dáadáa, àmì làwọn alátakò á máa kó jọ. Madison Bumgarner jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Ó wà nínú ẹgbẹ́ San Francisco Giants tó gba ife lọ́dún 2010, 2012 àti 2014, òun gan-an ni wọ́n sì dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ṣe dáadáa jù lọ nínú àṣekágbá ti 2014. Lóṣù Kejìlá ọdún 2019, ẹgbẹ́ Arizona Diamondbacks bá a ṣàdéhùn ọdún márùn-ún, wọ́n ní àwọn á san mílíọ̀nù 85 dọ́là fún un.

Owó náà kò so èso. Nígbà tí saa 2023 bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin péré ló bọ́ sójú pápá. Bí wọ́n bá ṣírò ohun táwọn alátakò ń rí gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú odidi eré kan, ó lé ní àmì mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ẹni tó bá ń ṣe dáadáa kì í jẹ́ kó tó mẹ́rin. Lóṣù Kẹrin ọdún náà, Arizona ní kó máa lọ. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 34 dọ́là ló ṣì wà lọ́rùn wọn láti san fún un, wọn kò sì lè sá fún un, torí òfin eré náà kì í jẹ́ kí ẹgbẹ́ fi owó du ẹni tí wọ́n lé nítorí pé kò ṣe dáadáa mọ́. Bí ẹgbẹ́ mìíràn bá tiẹ̀ gbà á, owó tó kéré jù lọ nínú líìgì, ìyẹn 720,000 dọ́là lọ́dún náà, nìkan ni yóò san. Arizona ni yóò ru ìyókù.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè sọ pé orí wọn kò pé. Ṣùgbọ́n lóṣù Karùn-ún ọdún yẹn, ọ̀dọ́ kan tí kò tíì dé líìgì ńlá rí, Brandon Pfaadt, bẹ̀rẹ̀ sí í ju bọ́ọ̀lù fún wọn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn rárá, síbẹ̀ nígbà tí saa ń parí lọ, ó wà lára àwọn tó gbé Arizona dé àṣekágbá, níbi tí Texas Rangers ti borí wọn. Kì í ṣe lílọ Bumgarner nìkan ló gbé wọn débẹ̀ o, ṣùgbọ́n owó tí wọ́n san fún ẹni tí kò bá wọn ṣiṣẹ́ mọ́ kò dí wọn lọ́nà.

Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé mílíọ̀nù 34 yẹn ti kúrò lápò Arizona látọjọ́ tí wọ́n ti fọwọ́ síwèé. Bí ọkùnrin náà bá jókòó, wọ́n á san án. Bó bá lọ, wọ́n á san án. Ohun kan ṣoṣo tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn láti pinnu lé lórí ni àyè tó jókòó lé. Èèyàn 26 péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè lò fún ọ̀pọ̀ jù lọ nínú saa, àyè tí àgbà tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ bá sì gbà, ọ̀dọ́ tó lè ṣiṣẹ́ ló ń fi du. Omi ló dànù, agbè kò fọ́. Ṣùgbọ́n oníṣòwò tó bá ń sọ pé owó tí òun ti ná sórí ẹ̀rọ yìí ti pọ̀ jù láti pa á tì, tó wá ń torí ìyẹn náwó sí i, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹsẹ̀ fọ́ agbè.

Àwọn tó ń gbèjà àgbà agbábọ́ọ̀lù náà ní ọ̀rọ̀ tiwọn, kò sì ṣeé gbá dànù. Roger Milla ti pé ọmọ ọdún 38 nígbà tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹrin fún Cameroon ní Ife Àgbáyé ọdún 1990, erékùṣù Réunion ló sì ti ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́jẹ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lọ pè é. Essam El-Hadary, aṣọ́lé Íjíbítì, jẹ́ ọmọ ọdún 45 nígbà tó mú bọ́ọ̀lù pẹnáritì lọ́wọ́ Saudi Arabia ní Rọ́ṣíà lọ́dún 2018. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹni tó bá fi ọjọ́ orí nìkan lé àgbà lọ, ó lè lé èrè rẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe lo Milla. Wọn kò ní kó wá sáré fún odidi àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú. Àárín eré ni wọ́n máa ń mú un wọlé, nígbà tó ti rẹ àwọn alátakò, torí ìyẹn ni agbára rẹ̀ ká. Ohun tó lè ṣe lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi mú un, kì í ṣe ohun tó ti ṣe lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ìwọ̀n tó yẹ kí ẹgbẹ́ lò nìyẹn: kí ni ẹni yìí máa mú wá láti òní lọ, kí sì ni ẹlòmíì lè mú wá bó bá bọ́ sí àyè rẹ̀? Bí ti àgbà bá pọ̀ jù, kó jókòó. Bí ti ẹlòmíì bá pọ̀ jù, kí àgbà máa lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń ṣubú kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n ń lé èèyàn, ọjọ́ tí wọ́n ń fọwọ́ síwèé ni. Gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló yọ̀ nígbà tí Nwankwo Kanu gbá bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo tí Portsmouth fi na Cardiff City nínú àṣekágbá FA Cup lóṣù Karùn-ún ọdún 2008. Kò pé ọdún méjì, lóṣù Kejì ọdún 2010, Portsmouth di ẹgbẹ́ Premier League àkọ́kọ́ tí gbèsè sọ di ẹni tí alámójútó ń bá ṣètò owó. Gbèsè náà lé ní mílíọ̀nù 100 pọ́ùn. Wọ́n já kúrò ní líìgì náà lọ́dún yẹn. Lóṣù Kejì ọdún 2012, gbèsè tún dá wọn padà sọ́dọ̀ alámójútó, wọ́n sì tún já sísàlẹ̀ sí i.

Nígbà yẹn, Kanu ti lé lọ́mọ ọdún 35, àdéhùn rẹ̀ kò sì tíì parí. Alámójútó wọn, Trevor Birch, sọ ọ́ ní gbangba pé bí àwọn agbábọ́ọ̀lù tí owó wọn pọ̀ kò bá gbà láti lọ, ẹgbẹ́ náà yóò pa rẹ́. Bí ọ̀rọ̀ ṣe yí padà nìyẹn, tí ẹni tó gbé ife wálé di ẹni tí wọ́n ń wò bíi pé òun ló fẹ́ pa ilé. Kanu kúrò níbẹ̀ lọ́dún náà, nígbà tó sì di oṣù Kẹrin ọdún 2013, àwọn olólùfẹ́ ẹgbẹ́ náà dáwó jọ, ẹni kọ̀ọ̀kan ń ra ìpín ẹgbẹ̀rún pọ́ùn kan, wọ́n sì gbà á sọ́wọ́ ara wọn. Ṣùgbọ́n Kanu kọ́ ló kọ àdéhùn náà nìkan. Àwọn tó ń darí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ìgbà kò lọ bí òréré.

Ní ilẹ̀ wa níbí, àìsàn náà yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ líìgì wa ló jẹ́ pé ìjọba ìpínlẹ̀ ló ni wọ́n. 3SC tí Ìbàdàn ń fi yangàn, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà, lọ́dún 1976, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló ni ín. Èyí já sí pé owó orí ìyá tó ń ta ẹ̀wà l'Apẹtẹ wà nínú owó oṣù ẹni tó bá ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tó ń ṣe níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí a sábà máa ń gbọ́ láàárín àwọn ẹgbẹ́ wa kì í ṣe pé wọ́n san owó tó pọ̀ jù fún àgbà agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí a ń gbọ́ ni pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó oṣù, pé wọ́n ní kó máa lọ, owó náà sì wọlẹ̀.

Òfin àjọ FIFA kò fàyè gba èyí. Ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ já àdéhùn láì sí ìdí tó tọ́, kò sì gbọdọ̀ dá nìkan já a láàárín saa. Pé ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù kò mú mọ́ kì í ṣe ìdí tó tọ́. Látọdún 2018, òfin náà tún là á sílẹ̀ pé bí ẹgbẹ́ bá jẹ agbábọ́ọ̀lù lówó oṣù méjì, tó kọ̀wé sí wọn, tó fún wọn ní ọjọ́ 15, tí wọn kò sì san án, ó lè máa bá tirẹ̀ lọ.

Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbàgbé Rashidi Yekini. 3SC ló wà níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Òun ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Áfíríkà lọ́dún 1993, òun náà ló kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n fún Nàìjíríà ní Ife Àgbáyé, lọ́dún 1994. Nígbà tó fi máa di Ife Àgbáyé ti 1998 ní Faransé, ó ti ń sún mọ́ ọmọ ọdún 35, kò sì gbá ẹyọ kan wọlé. Síbẹ̀, ẹgbẹ́ Gateway ti ìpínlẹ̀ Ògùn tún gbà á lọ́dún 2005, nígbà tó ti pé ọmọ ọdún 41. Ẹgbẹ́ tó bá mú irú orúkọ bẹ́ẹ̀ wálé fún ìgbà díẹ̀ kò ṣìnà, bó bá mọ̀ pé orúkọ ni òun ń rà, kì í ṣe eré sísá. Ìbàdàn yìí ni Yekini kú sí ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, lẹ́yìn àìlera tí gbogbo ìwé ìròyìn kọ nípa rẹ̀. Ariwo orí pápá kì í bá èèyàn délé, owó tí wọ́n san fún un lásìkò ni í bá a délé.

Ohun tó yẹ kó ṣẹlẹ̀ kò le. Agbábọ́ọ̀lù tó bá ti lé lọ́gbọ̀n dáadáa, ọdún kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n máa bá a ṣàdéhùn, kí owó oṣù mọ níwọ̀n, kí àfikún sì wà fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá bọ́ sójú pápá. Bí ẹgbẹ́ bá fẹ́ dúpẹ́ oore àtijọ́, kó ṣe é lọ́tọ̀, yálà kó ṣètò ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ìdágbére tí owó ẹnu géètì rẹ̀ máa jẹ́ tirẹ̀, tàbí kó fún un níṣẹ́ láàárín àwọn tó ń kọ́ ọ̀dọ́. Bí kò bá sì ní í lè san owó tó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, kó kọ ọ́ síwèé pé ní díẹ̀díẹ̀ ni, kó sì ṣọ́ra. Ẹgbẹ́ New York Mets jẹ Bobby Bonilla ní nǹkan bíi mílíọ̀nù 5.9 dọ́là lọ́dún 2000, wọ́n sún un síwájú, wọ́n sì ń san nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 fún un ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdọọdún láti 2011 títí di 2035. Nígbà tí wọ́n bá fi parí ẹ̀, á ti tó mílíọ̀nù 30. Gbèsè tí a bá sún síwájú máa ń bímọ.

Ẹgbẹ́ tó bá lè ka owó ẹni tó ń lọ lé e lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó ń lọ, òun ló lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kó máa lọ. Èyí tí kò bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kó wọ aṣọ fún un, kó sì jẹ́ kó máa gbá bọ́ọ̀lù.