Odú Kì Í Ṣe Àìmọ̀ fún Olóko

 

Ọ̀rọ̀ ẹ̀fọ́ ni a fẹ́ bá yín sọ ní ọ̀sẹ̀ yìí. Kì í ṣe èyí tí a gbìn o, bí kò ṣe èyí tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ ń hù fún wa: odú, yánrin, ẹ̀bọ̀lọ̀, gbúre àti tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ó ṣòro kí ẹ rìn yí oko kan ká ní Mọníyà, Làlúpọ̀n, Ẹgbẹ́dá tàbí Akanran kí ẹ má rí ọ̀kan nínú wọn. Àwọn ìyá wa àgbà mọ̀ wọ́n bí ẹni mowó. Ṣùgbọ́n lóde òní, àwọn mìíràn nínú yín a máa tijú láti gbé ọbẹ̀ yánrin síwájú àlejò. Ẹ ní oúnjẹ òtòṣì ni. Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò.

Ẹ wo àdá tí a gbàgbé sí oko, ó dípẹtà. Ẹ wo iṣu tí a bẹ tí a kò tètè gbé kaná, ojú rẹ̀ a dúdú. Afẹ́fẹ́ ni ó ń ṣe méjèèjì bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ kan náà ni ara wa fi ń lo oúnjẹ, ohun tí ó sì jọ ìpẹtà yìí a máa ṣẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú ara. Ọlọ́hun kò fi wá sílẹ̀ láìní ààbò: Ó fi èròjà tí ń dènà rẹ̀ sínú ewé àti èso. Ọ̀kan nínú wọn ni fítámì C. Òmíràn ni èyí tí ara ń sọ di fítámì A, tí ojú fi ń ríran lálẹ́. Folate náà wà nínú ewé, èyí tí ń jẹ́ kí ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọ inú oyún dí dáadáa. Ní 1941, inú ewé ẹ̀fọ́ ni àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà ti yọ ọ́, inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí ewé ni wọ́n sì ti mú orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ẹ̀yin aboyún, ẹ má torí ẹ̀fọ́ pa oògùn tí wọ́n fún yín ní ọsibítù tì.

Ẹnìkan lè wí pé, “Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, èmi yóò kúkú máa ra hóró oògùn tí ń dènà ìpẹtà.” Ẹ dúró ná. Ní ilẹ̀ Finland, wọ́n fún àwọn ọkùnrin tí ń mu sìgá ní hóró èròjà fítámì A yìí lójoojúmọ́ fún ọdún mélòó kan. Àwọn tí wọ́n kó sínú ìwádìí náà ju 29,000 lọ. Nígbà tí àbájáde jáde ní 1994, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ti mú àwọn tí ń lo hóró náà ju àwọn tí kò lò ó lọ, ní ìdá 18 nínú 100. Ohun tí ó ń ṣe oore nínú ìkòkò ọbẹ̀ lè di ewu nínú ìgò.

Báwo wá ni kí á ṣe sè é? Ẹ fọ ẹ̀fọ́ kí ẹ tó rẹ́ ẹ. Ẹ má fi omi púpọ̀ bọ̀ ọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ó pẹ́ lórí iná, nítorí iná a máa pa fítámì C, omi tí ẹ fún dànù a sì máa gbé e lọ. Bí ti yánrin bá korò jù, ẹ bọ̀ ọ́ fẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi epo pupa díẹ̀ sí i, epo ni ara fi ń gba èròjà fítámì A. Ṣùgbọ́n epo tí ẹ yọ́ títí tí ó fi funfun ti pàdánù tirẹ̀.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta kù. Èkíní, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀fọ́. Àwọn onímọ̀ ti rí èròjà kan nínú ẹ̀bọ̀lọ̀ tí ó lè pa ẹ̀dọ̀ lára bí ó bá pọ̀ jù. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ti ojoojúmọ́. Èkejì, ewé tí ẹ kò bá dá mọ̀, ẹ má já a. Ẹ bi ìyá àgbà léèrè.

Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù. Ọ̀pọ̀ baálé ilé ń fín oògùn tí ń pa koríko sí oko báyìí. Láti oṣù kìíní 2024 ni NAFDAC ti fòfin de ọ̀kan nínú wọn, paraquat, nítorí oró rẹ̀. Ẹ̀fọ́ tí oògùn bá ti wọ̀ lára, omi iyọ̀ kò lè wẹ̀ ẹ́ mọ́. Nítorí náà, ẹ bi baba àwọn ọmọ kí ẹ tó gbé agbọ̀n, ẹ sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ya igun kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní fín nǹkan sí. Ẹ̀yin baba tí ẹ ń kà á, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dúró kí wọ́n tó bi yín.

Ìwọ ọmọge tí ń tijú yánrin, tọ ìyá rẹ àgbà lọ lọ́la, kí ó fi gbogbo wọn hàn ọ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí ó bá lọ, ìmọ̀ náà lè bá a lọ.

Kí Ọlọ́hun fi àlùbáríkà sí oúnjẹ wa. Àmín.