Ẹ Má Ju Nọ́ńbà Yín Nù!

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi, mo kó dé ilé tí mo háyà ní Ṣakí, íntánẹ́ẹ̀tì mi kò wọ yàrá, àfi kí n gun orí àpáta ẹ̀yìn ilé! Ẹni tó ń ta síìmù ní kí n ra òmíràn, kí n gbàgbé ti àtijọ́. Kí n ju nọ́ńbà tí àwọn èrò Ìsẹ́yìn fi ń pè mí síṣẹ́ nù? Ìrẹ́jẹ gbáà ni! Láti oṣù Kẹrin 2013 ni àjọ NCC ti fún wa láyè láti gbé nọ́ńbà wa lọ sí ilé-iṣẹ́ míì, lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n mọ̀, wọ́n dákẹ́ ni. Ẹ bi aládùúgbò èyí tó ń wọlé, ẹ lọ sí ọ́fíìsì wọn, ẹ fi PORT ránṣẹ́ sí 3232 láti orí nọ́ńbà yín. Bí wọ́n bá fi yín ṣeré, ẹ pe NCC ní 622. Ṣùgbọ́n ẹ lo dátà tó kù tán ná o. Kì í bá yín lọ.